Ìgèrè Ara Ògiri

Ìkọ̀yà, lẹ́bàá Òkìtìpupa,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn àdúrà àárọ̀.

Olúwatóyọ̀sí, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí iṣẹ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja lábẹ́ omi níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó o yóò máa ṣọ́ ọ ní Èkó tí èrò pọ̀ sí. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ọ̀nà rẹ kò ní dí, àmín. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń dùn mí nígbà òjò, òjò náà sì ń rọ̀. Epo pọ̀ lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ Vincent aládùúgbò wa tún jẹ ẹ̀gẹ́ mi, mo bá a sọ ọ́, ó ní òun náà ti bá ewúrẹ́ sọ ọ́.

Ohun tó mú mi jókòó ti ìwé ni ọ̀rọ̀ Dora, ọmọ Bàbá Lucas, èyí tó lọ kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà. Ó ti padà wálé. Ilé tí bàbá rẹ̀ ń kó ẹkùrọ́ pamọ́ sí ní Òkìtìpupa, ó kùn ún ní funfun, ó pè é ní ilé àwòrán. Àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ àwa ará ilé ló fi ògiri tó pọ̀ jù sílẹ̀ fún. Ẹní tí Màmá Eunice hun wà níbẹ̀, ó dúró lóòró, kò sẹ́ni tó lè sùn lé e. Dora a máa ra ọ̀dà fún àwọn ọmọ iléèwé ní Òde-Ayé, a sì máa mú àwọn arúgbó lọ kọ́ wọn níṣẹ́. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú, wọ́n ní ta ló ń jẹ àwòrán. Èmi ò dá sí i. Mo mọ ọ̀pọ̀ tórí wọn pé tí wọn ò ra pẹ́ńsù kan fún ọmọ ẹlòmíràn rí.

Ó wá bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní ọ̀kan nínú ìgèrè tí mo fi ń pẹja kí òun fi kọ́ ara ògiri. Mo ní ẹja wo ló ń gba ara ògiri kọjá? Ó ní kì í ṣe fún ẹja, ó ní fún ojú ni. Àwọn ìgèrè mi tó dára wà lómi, wọ́n ń ṣiṣẹ́, n kò sì lè tìtorí ojú fa ọ̀kankan nínú wọn sókè. Èyí tó wà nílé ni ti orí àjà, èyí tí a jọ hun nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tí mo hun ara rẹ̀, tí ìwọ hun ẹnu. O rántí pé ẹnu náà wọ́, kò pa ẹja kan rí. Ẹja tó bá wọlé á kí wa, á sì jáde. Ìyá rẹ ní kí n fi dáná, mo kọ̀, n kò sọ ìdí fún un. Òun ni mo gbé fún Dora.

Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan pé kí n kọ nǹkan sí i. Fọ́ọ̀mù náà bèèrè ohun tí iṣẹ́ yìí ń sọ fún aráyé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sọ nǹkan kan, ẹja ni wọ́n fi ń pa, ṣùgbọ́n èyí kò pa á. Ó tún bèèrè ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà, mo ní n kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà Dora fi fóònù ya ìgèrè náà, ó ní òun ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Mo yára wo ògiri, mo rí i pé ó ṣì wà níbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí àmì pupa róbótó kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lábẹ́ rẹ̀. Kò sí lábẹ́ ẹní Màmá Eunice, kò sí lábẹ́ ohunkóhun mìíràn, tiwa nìkan ni. Ìwọ náà mọ̀ pé aṣọ funfun ni tiwa nínú ìjọ, a kì í fi pupa ṣeré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìjọ ló bà mí lẹ́rù. Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó ń fẹ ọ̀nà fi ọ̀dà pupa sàmì sára ṣọ́ọ̀bù Vincent, ó rò pé wọ́n fi ń dá òun lọ́lá ni, ó tilẹ̀ ń nu eruku kúrò lára rẹ̀. Kò pé oṣù kan tí katakata fi dé, tó wó o lulẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé wọ́n ti rí ẹnu wíwọ́ ìgèrè yìí, wọ́n sì ti dá a lẹ́jọ́. Dora kò sí níbẹ̀, ó wà ní Òde-Ayé. Susan tó ń ṣọ́ ilé náà ń jẹ púpurú lọ́wọ́, ó ní kí n wá bá òun jẹ ẹ́, mo ní á gba ibi ire, mo já ìgèrè sílẹ̀ níṣojú rẹ̀, mo gbé e jáde. Awakọ̀ ní ṣé mo ń lọ pẹja ni, mo ní rárá, mo ń gbé e sá ni. Abẹ́ ibùsùn ni mo tì í sí.

Lọ́jọ́ kejì Dora dé. Mo rò pé yóò bínú, ó kúnlẹ̀ kí mi ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àmì pupa kì í ṣe ìdájọ́, ó ní ẹnì kan ti sanwó ìgèrè náà ni. Mo ní ta ni ẹni náà tí kò rí i pé ẹnu rẹ̀ wọ́? Ó ní ẹni náà rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, pé ẹnu wíwọ́ yẹn gan-an ló tìtorí rẹ̀ rà á, ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má dárúkọ òun fún mi. Mo bèèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ti ṣe ìlérí. Nígbà tí mo bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta, orúkọ rẹ ló dá.

Tóyọ̀sí, inú mi dùn pé o dá ọwọ́ ara rẹ mọ̀ láti Èkó. Ó sì dùn mí pé o fi owó ra ohun tó jẹ́ tìrẹ, kí wọ́n lè fi mọ́tò gbé e wá bá ọ, kí ìwọ má baà gbẹ́sẹ̀ wálé. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, Kérésì mẹ́ta ti kọjá. Owó ń dé, ìwọ kò dé.

Mo ti gbé ìgèrè padà sí ògiri Dora, nítorí àwọn ọmọ iléèwé ń bọ̀ wá wò ó, ṣùgbọ́n mo ti ha àmì pupa kúrò. Mo ní kí ó dá owó rẹ padà sínú fóònù tó ti wá. Fi wọ mọ́tò wálé. Ní ti owó, n kò ní bèèrè lọ́tẹ̀ yìí, àfi owó bàtìrì tọ́ọ̀ṣì díẹ̀, àti ìpara orúnkún, èyí tí o kò gbọdọ̀ fi rán ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi gbé e wá.

Ọlọ́run tó mú ọ lọ yóò mú ọ bọ̀ láyọ̀, o kò ní bá mi nínú àwòrán. Dora ti ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìgèrè híhun ní ọjọ́ Sátidé, a sì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan tuntun. A ti hun ara rẹ̀ tán. Wọ́n ní kí n wá hun ẹnu rẹ̀, mo ní ẹni tó ń hun ẹnu kò tíì dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlátúndé.