A Tẹ́ Ẹní Kí Sátẹ́láìtì Lè Rí Wa

Hàwáù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Sokodé? Ṣé iṣẹ́ aṣọ rírán ń lọ? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún ọ lọ́wọ́, kí Ó má sì jẹ́ kí oníbàárà gbé aṣọ sá lọ. Àmín. Gbogbo wa ní Kambolé wà dáadáa, iṣu ta lọ́dún yìí, ewúrẹ́ rẹ bí méjì, ìyá rẹ Hàbíbátù ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ odò wa ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Àwọn òṣìṣẹ́ omi kan wá bá wa níwájú mọ́sálásí, wọ́n ní àwọn fẹ́ dí odò tó wà lọ́nà Goubi kí omi lè pọ̀. Baráàsì ni wọ́n ń pè é. A dúpẹ́ títí, ìwọ náà mọ bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ wá lẹ́ẹ̀rùn, àfi ìgbà tí Àsíìsì olùkọ́ túmọ̀ Faransé wọn dé ìdí, tó ní omi náà yóò bo oko iṣu wa àti sàréè ìyá mi. A ní omi la fẹ́ mu, a ò fẹ́ kí omi gbé wa mì.

Ọ̀gá wọn, ọmọkùnrin ẹ̀yà Tem kan tó ń lo awò ojú, ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi àwòrán oko hàn wá, ó ní sátẹ́láìtì ló yà á láti ojú ọ̀run, kò sì rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, igbó lásán ni. Mo wò ó títí, lóòótọ́ n kò rí ara mi. Mo bi í pé ọjọ́ wo ló yà á, ó ní ọjọ́ Jímọ̀. Mo ní ṣé ó rí i báyìí, mọ́sálásí ni gbogbo wa wà, kí ó sọ fún sátẹ́láìtì kó padà wò wá lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé mo wọ agbádá funfun kí ojú sátẹ́láìtì lè tètè bá mi, mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, mo gbójú sókè. Ìyá rẹ ní oòrùn yóò pa mí, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé oúnjẹ wá, òun náà jókòó. Lọ́jọ́ kejì Àkànjí tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà kó ará ilé rẹ̀ wá. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú a ti ju ọgọ́ta lọ. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ omi náà kó èèkàn tí wọ́n fẹ́ fi sààmì ilẹ̀ wá bá wa, gbogbo wa ń wòkè.

Ọ̀gá náà bi mí pé kí ni à ń ṣe. Mo ní à ń jẹ́ kí sátẹ́láìtì rí wa. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ẹní mi, ó bi mí pé ta ló wà nínú sàréè, mo sọ fún un, ó sì ṣàdúà fún un. Ó wá ní tí kò bá sí baráàsì, níbo la ó ti rí omi? Ìyá rẹ ló dá a lóhùn, ní èdè Tem tó fi ń ná ọjà ní Koussountou. Ó ní kí wọ́n tún ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn ilé ìwé ṣe, ọdún mẹ́ta ló ti kú, kí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ìsàlẹ̀ ìlú, mọ́sálásí náà sì ní òrùlé tó lè gba omi òjò sínú táńkì. Ọ̀gá náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n fún àwa tó lóko níbẹ̀ ní fọ́ọ̀mù pé ká kọ orúkọ àti oko wa sí i. Fọ́ọ̀mù náà fẹ́ mọ bí ìgbéyàwó mi ṣe rí. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ wa jẹ wọ́n lógún tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Àsíìsì kọ ọ́ pé a jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, ṣùgbọ́n a ti parí ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì wọn ní Tchamba, wọ́n ní baráàsì kò ní í dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kànga ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í mú omi wá. Ó kọ́kọ́ pupa, ó wá mọ́ gaara. Ìyá rẹ mu ife kan, ó tún bu òmíràn. Táńkì mọ́sálásí àti ẹ̀rọ ẹ̀yìn ilé ìwé ṣì kù, wọ́n ní wọ́n ń bọ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ilé kọ̀ọ̀kan ń dá owó ìtọ́jú ẹ̀rọ náà. Má fi í gba inú tẹlifóònù o. Ti ìjọsí, oníṣọ́ọ̀bù yọ nínú ẹ̀, ó ní owó ìfiránṣẹ́ ni. Ṣé owó tí kò jókòó lórí àga ọkọ̀ kankan náà ń san owó ọkọ̀ ni? Gbé e fún Kàsímù awakọ̀, ọ̀fẹ́ ni yóò mú un wá.

Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ọ, kí Ó fi ìbùkún sí ọwọ́ àti ojú rẹ. Tí o bá ń bọ̀ fún Iléyá, má ru omi inú ọ̀rá wá fún wa mọ́. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni kí o gbé wá, kí o lè bu tiwa lọ sí Sokodé.

Èmi bàbá rẹ,
Àjàgbé