Ìsàlẹ̀ Tí Mo Ní À Ń Lọ

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ọmọ yín tí ẹ ti sunkún rẹ̀ tán ló ń kí yín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá, bí ilẹ̀ ibi tí mo wà yìí tilẹ̀ tutù bí omi àmù. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Àfíàvì àti ọkọ wọn. Mo kí àwọn àbúrò Bàbá tó wà lóko ní Dácà, mo sì kí Misé Katikísì, olùkọ́ ìjọ wa, tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mi ò gbọ́ ọ rí kí òkú máa kí ará ilé kú ọ̀fọ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ tèmi dé nìyẹn, ojú sì ń tì mí gidigidi.

Ìwé tí Ẹ̀gbọ́n ní kí Misé Katikísì bá àwọn kọ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú rẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ìwé mi ìjọ́sí dá sílẹ̀. Ohun tí mo kọ nígbà náà ni pé à ń lọ sí ìsàlẹ̀, pé bí ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ bá fi lè kọjá, ó parí, kò sẹ́ni tó lè gbà wá mọ́, pé gbogbo wa là ń sunkún, kí ẹ bá wa gbàdúrà. Màmá, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mò ń sọ. Níbí, wọ́n to àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní ìpele ìpele bí àkàbà. Ẹgbẹ́ tó bá ń fìdí rẹmi lọ́dún kan, wọ́n á já a sí ìpele tó wà nísàlẹ̀. Ẹgbẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ já sílẹ̀, wọ́n sì já a. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìyẹn ní Atakpamé? Inú ọkọ̀ ojú omi lẹ mọ̀ pé mo wà. Ẹni tó wà lójú òkun tó ní òun ń lọ sí ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ wo ló tún kù bí kò ṣe ìsàlẹ̀ òkun? Misé Katikísì, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Bí mo ṣe kọ ọ́ náà lẹ ṣe kà á.

Ẹ̀gbọ́n ní wọn ò tíì kà á tán tí ẹ ti ká ọwọ́ lé orí. Wọ́n ní wọ́n ṣe Máàsì òkú fún mi ní míṣọ́ọ̀nù. Wọ́n ní Bàbá, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mú ọkọ́ tí mo fi ń roko, wọ́n wa ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n sì sin ín, torí pé èèyàn gbọ́dọ̀ rí nǹkan sin. Nígbà tí ìwé mi kejì dé, tí ẹ gbọ́ pé mo wà láàyè, gbogbo àdúgbò jó. Ẹ̀yin nìkan, Màmá, lẹ ò jó. Ẹ ní ìwé kì í ṣe ọmọ, pé ẹnikẹ́ni ló lè mú gègé kí ó fi orúkọ ẹni kọ̀wé. Ẹ ní títí ẹ ó fi fọwọ́ ara yín kan orí mi, aṣọ dúdú ò ní kúrò lọ́rùn yín, irun yín tí ẹ fá ò sì ní hù. Nígbà tí wọ́n wá ṣàlàyé fún yín láti inú ìwé kejì náà pé bọ́ọ̀lù ni, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo. Ẹ ní àwọn wo ni mò ń pè ní àwa.

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti dáhùn.

Ọkọ̀ tí mò ń kó èédú sínú iná rẹ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté kékeré kan tí kò jìnnà sí ìlú Jẹ́nóà, nílẹ̀ Ítálì. Ibà ti dá mi dùbúlẹ̀. Wọ́n sọ mí sílẹ̀ létí omi pẹ̀lú ẹrù mi, wọ́n bá tiwọn lọ. Opó kan tó ń jẹ́ Tẹrésà ló ní kí wọ́n gbé mi wọlé òun. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kí ó máa fọ aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọbẹ̀ ẹ̀wà rẹ̀ ló gbé mi dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó ń jẹ́ ata.

Àwọn alábàárù èbúté ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn wà nílùú tẹ́lẹ̀, ti ọmọ àwọn olówó, wọ́n ní pápá tó ní koríko àti ọgbà yí ká. Alábàárù kì í wọ ibẹ̀ àfi tó bá ru ẹrù wá. Ni àwọn alábàárù bá gba ògbólógbòó bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì wá ilẹ̀ lẹ́yìn ilé iyọ̀. Òkúta ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ru ẹrù tán nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ru òkúta lọ dà sókun, àwọn ìyàwó wọn pẹ̀lú wọn, títí ibẹ̀ fi tẹ́jú. Ọkọ Tẹrésà ni olórí wọn. Tẹrésà pa aṣọ wọn láró pupa nínú ìkòkò tó fi ń se oúnjẹ, ó sì ní gbogbo ohun tí àwọn jẹ lọ́dún yẹn ló pupa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìpele tó kẹ́yìn pátápátá, wọ́n sì ń gòkè.

Nígbà tó yá, ìjọba àwọn ẹlẹ́wù dúdú, tó ń fi ipá ṣàkóso gbogbo Ítálì, ní ẹgbẹ́ méjì pọ̀ jù fún ìlú kékeré, kí wọ́n da méjèèjì pọ̀. Ẹ ò ní béèrè orúkọ ta ló kù àti orúkọ ta ló parẹ́. Wọ́n bọ́ aṣọ pupa lọ́rùn àwọn alábàárù. Àwọn alábàárù fara dà á fúngbà díẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọkọ Tẹrésà ti kú lábẹ́ ẹrù kó tó dìgbà náà. Ìpele tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún gùn padà ni wọ́n já wa sílẹ̀ láti inú rẹ̀ níjọ́sí. Àwọn àgbàlagbà jókòó sórí pápá, wọ́n ń sunkún. Èmi náà sunkún. Màmá, mi ò sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ mi ṣí kúrò ní Lomé tí ẹ dúró létí òkun tí ẹ ń juwọ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Èmi ni mò ń fi ẹfun fa ìlà sórí pápá. Èmi ni mò ń kó òjò dídì kúrò níbẹ̀ nígbà ọ̀gìnnìtìn, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun bá ń gé ni létí. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ bí èyí tí mò ń fi ránṣẹ́ ṣe mọ. Bí mo bá lọ sọ́jà, àwọn kan ṣì máa ń fi ìka ha awọ ara mi, bóyá dúdú náà á ṣí. Ọjọ́ Ìsinmi tí kò bá sí bọ́ọ̀lù, mi ò ní ẹni tí mo lè fi èdè wa kí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé ẹfun mi wọ pápá, wọ́n á pè mí láti ibi gbogbo ní Antónió, bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi níbí, wọ́n á sì bi mí bí ilẹ̀ ṣe rí.

Ọkọ̀ Faransé kan tó ń lọ sí Lomé wà ní èbúté báyìí. Ọ̀gá ọkọ̀ ti gbà pé kí n máa kó èédú lọ, kí ó sì gbé mi délé. Nígbà tí mo ka ìwé yín fún àwọn ará ẹgbẹ́, wọ́n ní kí n máa lọ, kí n má wẹ̀yìn. Tẹrésà pa ìborí kan láró pupa fún yín. Ó ní òun mọ bí aṣọ dúdú ṣe wúwo tó, pé ọjọ́ tí ẹ bá rí mi ni kí ẹ wé e.

Ọkọ̀ náà yóò ṣí lọ́la. Ọjọ́ Ìsinmi la máa gbá bọ́ọ̀lù tí yóò sọ bóyá a máa padà sókè. Mo ti ń sọ fún ara mi pé kí n kàn wo ìyẹn, kí n wá ọkọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Irọ́ ni, Màmá. Bí kì í bá ṣe bọ́ọ̀lù yìí, òmíràn á wà. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Èmi ni mo fẹ́ dúró, mo sì mọ ohun tó wà lọ́rùn yín nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Ẹ béèrè àwọn wo ni àwa. Àwọn ará ẹgbẹ́ yìí ni. Mi ò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

Kòjó, ọmọ Anẹ́hò létí òkun ilé wa, tó gba àyè mi nínú ọkọ̀ náà, ló gbé ìwé yìí àti ìborí náà wá fún yín. Èèyàn rere ni. Ẹ gún iyán fún un, ẹ má sì bi í pé kí ló dé tí kò mú mi lọ́wọ́ wá. Orí ibùsùn tí wọ́n tẹ́ dè mí nínú ọkọ̀ ló sùn dé ọ̀dọ̀ yín.

Ọlọ́run á dá yín sí, á fún Bàbá ní okun, á jẹ́ kí iṣu Dácà ta dáadáa. Mi ò lẹ́nu láti bẹ̀ ẹ́ fún ara mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó jó nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mi ò kú.

Èmi ni ọmọ yín tí kò kú, tí kò sì wá,
Àńtúànì