Ìka Kan Lẹ́rẹ̀kẹ́ Ìyá Àgbà

Ọmọ mi àtàtà,

Tó bá jẹ́ àárọ̀ lo ń ka ìwé yìí, o kú àárọ̀. Tó bá jẹ́ alẹ́ ni àǹtí rẹ ráyè kà á fún ọ, ẹ kú alẹ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ṣé ara ń le? Ṣé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ ò kákò mọ́? O ò ní ṣubú mọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ láéláé. Ṣe àmín kó o tó máa kà á lọ.

Àwa náà wà, a ń bá a yí. Bàbá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ tó jẹ ìwé ìṣirò rẹ ti bí ìbejì, ó jọ pé ìwé náà ṣe é lóore.

Látìgbà tí dókítà ti sọ pé kì í ṣe warapa ló ń gbé ọ ṣánlẹ̀, pé kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ ló kéré jù, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo mọ kálísíọ̀mù dáadáa, wọ́n kọ́ wa níléèwé pé ó wà nínú egungun àti nínú ṣọ́ọ̀kì. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ibi tí tìrẹ gbà lọ. Ṣé o rántí pé dókítà fi ìka kan lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ níwájú etí, tí ètè rẹ sì fò pìrì bí ẹni tí eṣinṣin bà lé? Ó ní àmì pé kálísíọ̀mù kéré nìyẹn, pé ó sì lè wà nínú ẹbí. Mo ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Bí mo ṣe délé, mo ní kí n wá ẹni tó ní irú ẹ̀ nínú wa.

Bàbá rẹ ni mo kọ́kọ́ lù, wọ́n ń sùn, wọn ò mira. Mo lu ewúrẹ́, ó fi ìwo kàn mí. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun, ìwọ náà mọ̀ pé oníbàárà tí orí rẹ̀ bá ti wà láàárín orúnkún mi ò ríbi sá lọ, bí mo bá ti ya irun tán, mo fi ìka lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìyẹn, pẹ́. Ìyàwó káfíńtà bi mí bóyá àṣà tuntun ni. Ìyàwó ọ̀gá iléèwé ní bí ìjà ni mo bá gbé wá, kí n jọ̀ọ́ di apá kejì tán ná. Kódà lọ́jọ́ tí àǹtí rẹ fi ojú rẹ hàn mí lórí fóònù, mo lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ níbẹ̀ kí n lè mọ̀ bóyá oògùn ti ń ṣiṣẹ́, bí ojú rẹ ṣe pòórá nìyẹn, mo figbe ta pé mo ti pa ọmọ mi. Má bínú o. Ṣé kò dùn ọ́?

Ó wá ku ìyá àgbà, ìyá bàbá rẹ. O mọ ẹnu wọn, pé kò sí warapa nílé tiwọn, pé ẹni tó gbé e wọlé ló mọ ibi tó ti rí i. Àwọn náà ló fi ife rẹ kọ́ ìṣó ìta kí ẹnikẹ́ni má baà fi mu omi. Wọ́n wá dirun lọ́dọ̀ mi. Mo dì í dé ẹ̀gbẹ́ etí, mo ké pe Ọlọ́run nínú mi, mo lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Ètè wọn fò! Mo tún un lù, ó tún fò, eyín kan ṣoṣo tó kù lápá ibẹ̀ yọjú sí mi. Wọ́n ní ṣé mo ń gbá àwọn létí ni. Mo kúnlẹ̀ tòun ti òòyà lọ́wọ́, mo ṣàlàyé. Wọ́n wá ń wo ọwọ́ wọn tó máa ń kákò tí wọ́n bá ń fọṣọ, tí wọ́n ń pè ní òtútù láti ìgbà ọmọge. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ara àwọn ló ti wá, a jẹ́ pé kì í ṣe warapa lóòótọ́, dókítà yẹn mọṣẹ́, àwọn ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Wọ́n wá dìde pẹ̀lú irun ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n já ife rẹ lórí ìṣó, wọ́n bu omi sí i, wọ́n mu ún tán, wọ́n sì gbé e sáàárín àwọn ife wa. Ọmọ mi, mo sunkún.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò wa ní kí n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ aráyé sílẹ̀, pé ètè ẹlòmíì ń fò bẹ́ẹ̀ láìsí nǹkan tó ṣe é, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè sọ. Nítorí náà, bẹ àǹtí rẹ kó fi owó ọkọ̀ ẹni méjì ránṣẹ́, àti díẹ̀ fún àyẹ̀wò, ìyá àgbà ń bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà rẹ. Má fo oògùn rẹ o.

Ọlọ́run tó jẹ́ ká mọ orúkọ ohun tó ń ṣe ọ́ yóò jẹ́ ká rí ẹ̀yìn rẹ̀. O ó padà wálé lórí ẹsẹ̀ ara rẹ, o ó sì fi ife rẹ mumi láàárín wa.

Èmi ni ìyá rẹ.

Ìyá àgbà ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí dókítà bá fẹ́ lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn, kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.