Ẹ Má Pè Mí ní Ẹnjiníà Mọ́

Sharjah, Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Lónìí ni mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ Mojí ọmọ mi, ní Deira, ní Dubai. Ṣọ́ọ̀bù lọ́fínńdà ni. Lítíréṣọ̀ ló fẹ́ kà; èmi ni mo ní dandan, kẹ́míkà ẹnjiníárìn ni. Ó kà á yege, kò ríṣẹ́. Nígbà tí visa rẹ̀ níbí fẹ́ tán ló gba iṣẹ́ yìí.

Èmi tí mo máa ń fi àwọn "Olóyè Dókítà" ṣe yẹ̀yẹ́, láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti lọgun: "Ẹnjiníà!"

Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Ẹnjiníà? Yalla, ó yá, wá tún AC wa ṣe!" Gbogbo àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Mojí náà bá wọn rín in.

Ó fà mí síta. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ máa pè mí ní Mojí."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo pè é láti ẹ̀yìn: "Mojí."

Ó yíjú kíá, tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Yes, sir?"

Láti ọjọ́ tó ti wọ yunifásítì, mi ò fi orúkọ yẹn pè é mọ́; "Ẹnjiníà" ni mò ń pè é. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, àwọn oníbàárà nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀.