Orúkọ Bàbá Oko

Al Rigga, ilẹ̀ Lárúbáwá, Ọjọ́bọ̀, oṣù Kọkànlá, 1996

Ọkàn mi ò balẹ̀. Bàbá òyìnbó Amẹ́ríkà tí mo ń tún yàrá rẹ̀ ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì ń tọpa ìdílé rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Scotland tó gba Ireland ṣí lọ dáko ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn.

Lónìí ó bi mí: "Bàbá tó bí bàbá ẹ ńkọ́? Kí lorúkọ wọn?"

Bàbá Oko nìkan ni mo mọ̀. Ta ló ń pe àgbà lórúkọ nílé wa? Bàbá mi tí ǹ bá bi léèrè ti kú.

Ojú tì mí. Mo bá dárúkọ lánlọ́ọ̀dù wa ní Mushin, ẹni tó kó ẹrù wa dà síta! Òyìnbó sì kọ ọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Bàbá Oko tó ń gbé mi léjìká bọ̀ láti oko…

Òyìnbó rẹ́rìn-ín sí mi: "Khalas, ó parí! Ẹnikẹ́ni ò ní gbàgbé wọn mọ́."