Bàtà Òjò Tí Mo Rà Nítorí Pirifáméǹtì

Abúlé wa, lẹ́bàá Odẹ̀dá
Oṣù Kẹwàá, 1981

Ọmọ mi Tẹjúmádé,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Èkó ò rẹ̀ ọ́? Olúwa tó ń ṣọ́ wa lóko níbí kò ní gbàgbé láti ṣọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín. Ara ìyá rẹ le, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ẹ̀gẹ́ sì tà dáadáa.

Lẹ́tà rẹ dé. Herbert, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bá mi kọ èyí, ló kà á fún mi. O ní ọ̀gá yín àgbà fún ọ ní pirifáméǹtì, pé kí o fèsì kí oṣù yìí tó parí bóyá o gbà á. Mo bi Herbert pé àìsàn wo nìyẹn. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, pé àwọn àlùfáà ló ń lò ó bí wọ́n bá gbé ẹnìkan sípò ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì, pùròmóṣọ̀n làwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí a gbé ènìyàn síwájú.

Inú bí mi. Síwájú kẹ̀? Kí lo ṣe fún wọn? Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń lọ sóko láàárọ̀: ọmọ kékeré là ń fi síwájú kó máa fẹsẹ̀ gbọn ìrì lára koríko, àgbà á wá máa bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ṣòkòtò gbígbẹ. O ti wá dàgbà tán lọ́fíìsì yẹn, wọ́n ń dá ọ padà sínú ìrì! Mo ní kí Herbert kọ ọ́ pé o kò gbà. Ó ní òun ò ní kọ irú rẹ̀. Mo bi í pé lẹ́tà ta ni?

Ó tún sọ èyí tó burú jù, pé ọ̀rọ̀ náà tún lè túmọ̀ sí kí a fẹ́ràn ẹnìkan ju àwọn yòókù lọ. Tẹjúmádé, ìyàwó mélòó ni ọ̀gá yín ní? Dáhùn èyí kí o tó dáhùn ohunkóhun.

Herbert rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní lọ́fíìsì, ẹni iwájú ló ń gun mọ́tò, àwọn ẹ̀yìn ni ìrì ń sẹ̀ sí lórí níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. N kò gbà. Ìyá rẹ tó ń bó ẹ̀gẹ́ kò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ní ṣebí iwájú lọmọ yìí wà láti kékeré, ṣé ìrì gbé e lọ ni? Ó ní kí àwa àgbà tó dé oko, ìwọ ti dáná iṣu.

Nítorí náà, gbà á. Ṣùgbọ́n n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí ìrì o. Mo lọ sí Ewékorò, mo ra bàtà òjò onírọ́bà tó dé orúnkún lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan níbẹ̀, mo ti fi rán awakọ̀ sí ọ. Máa wọ̀ ọ́ lọ sí ọ́fíìsì, kí ọ̀gá yẹn rí i pé o ní bàbá. Lára owó ẹ̀gẹ́ ìyá rẹ ni mo ti yọ owó bàtà náà, kò tíì mọ̀, tètè fi ránṣẹ́. Fi owó tábà mi lé e.

Iwájú tí wọ́n fi ọ́ sí kò ní di ẹ̀yìn mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀ níbẹ̀. Má sáà sáré jù, kí èmi tí mo ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa rí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olúbọ̀dé