Iṣan Tó Já Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo kí gbogbo olùgbọ́ ètò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ayùn gé e ní àtẹ́lẹwọ́, iṣan tó ń ká ìka méjì sì já. Dókítà rán an, ó di ọwọ́ náà, ó ní kò gbọdọ̀ di nǹkan mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní, "Bó bá tún já, ẹ sáré wá. Bó bá pẹ́, kò ní ṣeé rán mọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti tú ọwọ́, ó ń fi òòlù kan ìṣó. Ìṣojú mi ló ṣe kígbe pé nǹkan já lọ́wọ́ òun. Látìgbà náà ni ìka méjèèjì ti nà gbọọrọ.

Ó sọ fún bàbá wa pé dókítà ló rán an ní ìránkúrán. Bàbá ti ń kó èèyàn jọ. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ajé, ojú dókítà náà á rí tó.

Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́."

Ó ní, "Bí o bá lanu, mi ò ní àbúrò mọ́."

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí iṣan náà ti já. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún?